Ọkùnrin Tó Di Agboòrùn Mú

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn tí Tíṣà Oyèdàmọ́lá kú, ìwé ìròyìn kan sọ ọ́ di ìránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn mìíràn sọ ọ́ di bàbá olùdíje sí ipò ààrẹ. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì nígbà tó wà láyé. Ìṣirò ló fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi kan ní Ìwó. Òun náà ló ń lu agogo.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wùmí, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fọ́tò náà fún wọn.

Olùdíje tí à ń wí yìí, Kọ́ládé Tẹjúmọ́lá, jẹ́ ọmọ Ìwó láti ọ̀dọ̀ bàbá. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì òyìnbó tí ìjọ rán wá láti Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí Kọ́ládé ti ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ Nàìjíríà ni àwọn ìwé ìròyìn ti pín sí méjì lórí àwọ̀ ara rẹ̀. Ojúmọ́ Tuntun ń pè é ní ọmọ òyìnbó. Ohùn Mẹ̀kúnnù ń pè é ní ọmọ wa. Tó bá sọ̀rọ̀ lórí iná mànàmáná, Ojúmọ́ Tuntun á kọ ọ́ pé ọmọ òyìnbó kò lè fara da òkùnkùn. Ohùn Mẹ̀kúnnù á kọ ọ́ pé ọmọ wa mọ ohun tó ń jẹ́ òkùnkùn. Ohun tó sọ nípa iná kì í sí nínú ìkankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oníròyìn Ojúmọ́ Tuntun, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀nitèmi, wá sí Ìwó láti wá ẹni tó mọ olùdíje náà ní kékeré. Wọ́n júwe ilé Ìyá Wùmí fún un. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà." Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti kí Ìyá Wùmí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó dìde, ó sì sọ fọ́tò náà kalẹ̀ lára ògiri fún un.

Ọdún 1974 ni wọ́n yà á, ní ọjọ́ eré ìje. Àwọn ọmọ mọ́kànlá jókòó nílẹ̀ níwájú pẹ̀lú ife tí wọ́n gbà. Kọ́ládé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lórí àga lẹ́yìn wọn, ara rẹ̀ gbóná nítorí ibà. Ìyá rẹ̀ dúró lápá ọ̀tún. Lápá òsì ni Tíṣà dúró sí, ó na agboòrùn dúdú ńlá kan sórí ọmọ náà. Orí Tíṣà fúnra rẹ̀ wà nínú oòrùn, ó sì fún ojú pọ̀.

"Ta nìyí, mà?"

"Ọkọ mi ni."

"Wọ́n rẹwà o."

"Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ayọ̀nitèmi rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan, ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Wùmí lọ sí ìdí tábìlì Ṣẹ̀fíátù, obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá ọjà Odò-Orí. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà ti pé síbẹ̀, àwọn tó máa ń ka ìwé láìrà á. Fọ́tò náà wà ní ojú ewé iwájú. Wọ́n ti gé ìyá ọmọ náà kúrò. Wọ́n ti gé àwọn ọmọ mọ́kànlá kúrò pẹ̀lú ife wọn. Ó ku Kọ́ládé lórí àga, ó ku Tíṣà àti agboòrùn. Àkọlé rẹ̀ ni: ỌMỌ ÒYÌNBÓ TÓ FẸ́ ṢE ÀÀRẸ: LÁTI KÉKERÉ NI WỌ́N TI Ń ṢÍJI BÒ Ó. Lábẹ́ fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìránṣẹ́ ilé wọn kan rèé lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ wo agboòrùn bí ẹni pé ọba ló jókòó!" ni ọlọ́kadà kan wí. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ!"

"Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni," ni ẹlòmíràn dáhùn.

"Lọ́dún 1974? Ẹgbẹ́ wo?"

"Ẹ̀yin ẹ ò mọ̀ pé wọ́n máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ẹ ra ìwé kí ẹ tó bínú," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń bínú lọ́fẹ̀ẹ́."

Kò sí ẹni tó bèèrè bóyá ìránṣẹ́ ni ọkùnrin náà lóòótọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ẹlòmíràn bá na agboòrùn lé lórí, ọba ni tàbí ìjòyè. Ẹni tó dì í mú, ẹrú ọba ni. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà láàárín wa ti mọ èyí kó tó mọ ìwé kà. Olóòtú ìwé ìròyìn náà dàgbà láàárín wa.

Ìyá Wùmí ra ẹyọ kan, ó lọ sílé, ó sì pe Ayọ̀nitèmi lórí fóònù.

"Màmá, olùkọ́ ni mo kọ o. Mo fi Ọlọ́run búra. Òkè ni wọ́n ti yí i padà."

"Òkè níbo?"

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mà. Ibẹ̀ ni olóòtú máa ń jókòó sí."

Ní ọjọ́ Ajé, Ohùn Mẹ̀kúnnù fèsì. Wọn kò wá sí Ìwó. Ojú ewé Ojúmọ́ Tuntun ni wọ́n ti mú fọ́tò náà, bí wọ́n ṣe gé e gan-an. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bàbá onífẹ̀ẹ́, àgbẹ̀ paraku, ń fi agboòrùn bo ọmọ rẹ̀ nínú oòrùn Ìwó. Ta ló tún ní òyìnbó ni?" Dókítà Tẹjúmọ́lá kò ro oko rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó ní káàdì ìdìbò pọ̀ ju dókítà lọ.

Wùmí pè láti Abẹ́òkúta ní ìrọ̀lẹ́.

"Màmá, ṣé mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ni?"

"O ò ní."

"Mo kàn ń bèèrè ni, mà."

Ìyá Wùmí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Kò ní ẹ̀tanú sí Kọ́ládé, kò sì tíì mọ ẹni tí òun máa dìbò fún. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: níbi tí wọ́n ti kọ ìránṣẹ́ sábẹ́ ojú ọkọ rẹ̀, kí wọ́n kọ tíṣà síbẹ̀. Ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Kuta, ó mú ìdì ẹ̀pà yíyan kan dání. Fáwọlé ni, àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Tíṣà kọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, ó dìde, ó tú ẹ̀pà náà sínú àwo, ó sì na bébà tí wọ́n fi dì í sí Ìyá Wùmí.

"Ìyá, ẹ wo ohun tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi."

Ojú Tíṣà ti rin fún òróró díẹ̀.

"Mo ti rí i, Fáwọlé."

"Agboòrùn yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré ìje yẹn, èmi ni ibà mú ní kíláàsì. Tíṣà nà án lé mi lórí, wọ́n sì bá mi rìn délé. Oòrùn pa wọ́n lọ, oòrùn pa wọ́n bọ̀."

"Mo rántí. Orí fọ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Kò sẹ́ni tó ya tèmi."

"Ta ni ì bá yà á?"

"Òótọ́ ni. Bàbá mi ò mọ oníkámẹ́rà kankan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé Tíṣà na agboòrùn lé ọmọ àgbẹ̀ pẹ̀lú lórí, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ìránṣẹ́."

Wọ́n lọ sí Òṣogbo ní ọjọ́ kejì. Olóòtú Ojúmọ́ Tuntun, Múyìíwá, jẹ́ ọmọlúàbí. Ó dìde fún Ìyá Wùmí, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, ó sì fetí sílẹ̀ títí Fáwọlé fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí i.

"Bàbá, èwo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹ̀gẹ́," ni Fáwọlé dáhùn. "Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo díẹ̀."

"Olùdíje wo lẹ̀ ń ṣe ni mò ń bèèrè."

"Mi ò tíì ṣe ìkankan."

Múyìíwá mí kanlẹ̀. "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí mo ṣe ń wò ó. Tí mo bá kọ ọ́ pé tíṣà ni bàbá yìí, ọmọ tó wà lábẹ́ agboòrùn á di ọmọ ilé-ìwé. Tó bá di ọmọ ilé-ìwé ní Ìwó, á di ọmọ Ìwó. Tó bá di ọmọ Ìwó, mo ti ń bá a polongo ìbò nìyẹn. Ìwé ìròyìn tí kì í ṣègbè ni tiwa."

"Nítorí náà, kí ọkọ mi máa jẹ́ ìránṣẹ́."

"Títí ìbò á fi kọjá ni, mà. Kò pẹ́ mọ́."

Ó bá wọn pe olóòtú Ohùn Mẹ̀kúnnù lórí fóònù, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ń jẹun ní ọjọ́ Ẹtì. Olóòtú yẹn kò bínú rárá. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọkọ yín jẹ́ bàbá ààrẹ ni?"

"Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin," ni Ìyá Wùmí wí. "Ó tó wọn."

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, Rìnsọ́lá, rí aṣọ dúdú lára Ìyá Wùmí, ó sì na fọ́ọ̀mù kan sí i.

"Ṣé ìkéde ìrántí òkú lẹ bá wá, mà? Ẹ kọ ọ́ síbí."

"Ta ló máa ń tún un kọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń tún ti òkú kọ, mà. Bí ẹ bá ṣe mú un wá la ó ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Fọ́tò ńkọ́?"

"A kì í gé e. A gé ẹsẹ̀ bàbá kan rí, ẹbí wọn kó ọkọ̀ méjì wá síbí."

Ìyá Wùmí jókòó, ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kọ ọ́ tán. Rìnsọ́lá kà á.

"Ẹ ò fi 'Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere' kún un, mà?"

"À ń gba àdúrà yẹn nílé."

Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọdún pé. Ojú ewé iwájú Ojúmọ́ Tuntun láàárọ̀ ọjọ́ náà sọ pé ọmọ òyìnbó ti jẹ ẹ̀bà ní Ilé-Ogbó, àmọ́ síbí ló fi jẹ ẹ́. Ní ojú ewé kẹtàlélógún, láàárín ìyá arúgbó kan àti alàgbà ìjọ kan, fọ́tò náà wà lódindi, pẹ̀lú òyìnbó, pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá, pẹ̀lú ife. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìyí:

"Jósíà Oyèdàmọ́lá, tíṣà ìṣirò. Ó pé ọdún kan lónìí tó kú. Òun ló di agboòrùn mú. Ibà ló ń ṣe ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Fáwọlé ọmọ àgbẹ̀ ni ibà ń ṣe, abẹ́ agboòrùn kan náà ló wà. Oyèdàmọ́lá kì í ṣe ìránṣẹ́ ilé ọmọ yìí, kì í sì í ṣe bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ èyí."

Nígbà tí Ìyá Wùmí dé ìdí tábìlì, ọlọ́kadà ọjọ́sí ti ń ka ojú ewé náà sókè. Kò mọ̀ ọ́n. Ṣẹ̀fíátù mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń to ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ rí i, tíṣà ni."

"Tíṣà kí ni?"

"Ìṣirò."

"Oyèdàmọ́lá?" Ọkùnrin kan tó ti hu ewú, tó ń ka ẹ̀yìn ìwé náà láti apá kejì, gbé orí sókè. "Bàbá tó burú! Ó nà mí rí."

"Kí lo ṣe?"

"Mo ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kéré sí ìdajì."

"Wọ́n jàre."

"Ó nà mí, ó sì tún bá mi pín iṣu rẹ̀ sí mẹ́rin kí n lè rí i. Ó wá jẹ ìdá mẹ́ta níwájú mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé ó máa ń lu agogo kí àkókò tó tó ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan tún ní irọ́ ni, ẹ̀yìn àkókò ló máa ń lù ú. Ó di àríyànjiyàn. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó jókòó sórí àga.

Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹni rere, ẹni ire nìkan ni wọ́n ń sọ fún Ìyá Wùmí nípa ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ iṣu yẹn. Kò ra ìwé, kò sì sọ ẹni tí òun í ṣe. Ó fara ti ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán.