Ìyá Phanu Fẹ́ Jókòó Jẹ́ẹ́

Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Bualai kì í jókòó pẹ́. Tí ìjókòó bá ti gùn díẹ̀, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe ìrora, kì í ṣe yíyún, ohun kan ṣáá tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà rójú. Àfi kó nà án, kó gbọ̀n ọ́n, kó dìde kó máa rìn. Orí ìdúró ló ti ń jẹun alẹ́. Eré tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ràn, ẹ̀yìn àga ọkọ rẹ̀ ló ti máa ń dúró wò ó. Thawin ọkọ rẹ̀, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ti gba ìtàpá lórí ibùsùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Wọn ò jà o. Ẹsẹ̀ ló lé e jáde.

Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, títí Phanu, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fi pè wọ́n lórí fóònù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò. Ó ní wọ́n ti fún òun láyè, òun ń bọ̀ wálé wá fárí, kí òun di àlùfáà ní tẹ́ńpìlì fún ìgbà òjò kan bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe, kí bàbá àti ìyá òun lè jẹ èrè rẹ̀. Kò sí ìyá kan ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Phu Phan tí kì í retí ọjọ́ yẹn. Ìyá á gbé aṣọ àlùfáà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, á ká ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọ àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́yìn, á sì jókòó síwájú títí àdúrà gígùn yẹn á fi parí. Bualai gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó sunkún. Ní ọdún tó kọjá, láàárín àdúrà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ta jáde lójijì, ó na àtẹ́lẹsẹ̀ sí olórí àlùfáà gan-an, èyí tó jẹ́ ìwà àrífín ńlá lọ́dọ̀ wọn, ó sì da ife omi rẹ̀ nù. Bàbá àgbà náà ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àwọn obìnrin tó kù rí i dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni Bualai ti ń gbọ́ àdúrà láti ìta.

"Ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí," ó sọ fún Pranom, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. "Ẹ bá mi gbé aṣọ náà fún un."

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?" Pranom dá a lóhùn. "Lọ wọṣọ. À ń lọ rí dókítà."

Dókítà Orathai ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, ó ti fún un ní oògùn tó ń fi irin kún ẹ̀jẹ̀, ó ti fún un ní òmíràn tó mú un bì tìfun-tìfun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ìgò kékeré kan ka orí tábìlì.

"Mà, mi ò ní purọ́ fún yín," ó ní. "Àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe báyìí sọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí rẹ̀ ò tíì pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ahọ́n lẹ ó kán an sí. Ẹ má gun alùpùpù tí ẹ bá lò ó, kí ẹ sì padà wá kí n rí yín."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Òróró igbó ni, mà."

Bualai yíjú sí Pranom. Pranom ń wo òkè àjà.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Igbó ni Thawin fi gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ lé kiri. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ipò ń gùn ún, ó fa èyí tí ìyá tó bí i gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná tu, èyí tí ìyá àgbà náà ń já ewé kan tàbí méjì lára rẹ̀ sínú ọbẹ̀ adìyẹ. Ìyá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kórè ìrẹsì. Pranom ní tirẹ̀ ṣì ń bá a sọ ọ́ di òní.

Nígbà tí wọ́n délé, Thawin gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. "Nínú ilé mi," ó ní. "Igbó. Nínú ilé èmi Thawin."

"Ilé ìwòsàn ìjọba ló fún un," Pranom ní. "Tó o bá fẹ́, lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó dókítà wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ nǹkan tí ojú mi ti rí."

"Mo mọ nǹkan tí ojú ìyàwó ẹ ń rí. Ó fẹ́ jókòó ti ọmọ ẹ̀. Kí ni ìwọ fẹ́?"

Thawin dìde. Ó mú ìgò náà, ó lọ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Bualai sì rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ tí ọkùnrin náà pè é bí ẹni ń pe afurasí.

"Ìyá Phanu, wá síbí. Jókòó. Gbé ahọ́n sókè. Má sọ̀rọ̀." Ó kán an, ó tún ìgò wò bóyá ó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ o."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu gbígbẹ àti òòyì díẹ̀ nìkan ni Bualai rí níbẹ̀. Ó tún padà lọ rí dókítà, wọ́n fi díẹ̀ kún un. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, eré tẹlifíṣọ̀n ń lọ lọ́wọ́, ìyá ọkọ inú eré ń fojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí màbo, Thawin bá bojú wẹ̀yìn àga láti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ló wà, lórí ẹní, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọkùnrin náà ò lè mí dáadáa. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá lanu, ẹsẹ̀ yẹn á gbọ́, á rántí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wo eré náà parí, wọ́n tún wo ìpolówó ọṣẹ tó tẹ̀lé e.

Kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló dáa tó bẹ́ẹ̀ o. Ìyẹn ló jẹ́ kí àyà Bualai máa já bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́.

Ọjọ́ pé. Phanu fárí, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e kọ́ èjìká, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé àwọn olórin ṣáájú. Bualai jó. Ta ló fẹ́ bá a jó, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbáradì láti ọdúnmọ́dún wá? Wọ́n jó títí wọ́n fi pẹ́, nígbà tí wọ́n sì dé àgbàlá tẹ́ńpìlì, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Bí orin ṣe dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yí gbọ̀ngàn àdúrà po bí àṣà, nǹkan yẹn rìn nínú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Phanu, ó ti dé."

Thawin fọwọ́ kan àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ìgò wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ipò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé ìdáná," Bualai sọ jẹ́jẹ́. "Tàbí kí n fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín."

Thawin wò ó. Ó yọ ìgò náà síta lójú gbogbo ayé. "Gbé ahọ́n sókè," ó ní.

Khampun, bàbá kan tí Thawin ti fi ọ̀rọ̀ igbó tì mọ́lé rí, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó súnmọ́ wọn kó lè rí i dáadáa.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "ṣé kí n pe ọlọ́pàá ni?"

"Pè wọ́n," Thawin dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára ìgò. "Kí wọ́n ṣáà dúró kí n kán an tán."

Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá. Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìlù tún sọ, wọ́n yí gbọ̀ngàn po lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò kánjú, wọ́n wọlé.

Bualai gbé aṣọ àlùfáà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Phanu forí balẹ̀ fún un, ó lọ bá àwọn àlùfáà. Ìyá ká ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó ń gùn sí i. Nǹkan kan yọjú díẹ̀ ní kókósẹ̀ òsì, ó sì lọ. Olórí àlùfáà bi Phanu ní ìbéèrè, Phanu ṣì í dáhùn, wọ́n tún un bi, ó gbà á. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Thawin ò gbọ́ ìkankan. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Nígbà tí wọ́n parí, gbogbo èèyàn dìde. Bualai ò dìde. Thawin sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó tún ti dé ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ti kú," Bualai ní. "Méjèèjì. Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá."

Àwọn ìyá àgbà tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn tí àdúrà bá parí, tí wọ́n á máa di ògiri mú, tí wọ́n á máa kérora dìde. Òun nìkan ni kò ṣe rí.

Pranom gbá a léjìká. "Káàbọ̀ sáàárín wa," ó ní.

Thawin ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti gbé e sókè, ṣùgbọ́n Bualai rọra yọ ọwọ́ náà kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, Bàbá Phanu," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i."