Ohùn Mọ́nsúrù Nínú Rédíò

Mọ́nsúrù Àríyọ̀, oníròyìn rédíò ní Ṣakí, kì í kí ènìyàn láìkọ́kọ́ wúkọ́ tún ohùn ṣe. Ohùn náà dùn lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń wá ìròyìn kiri, tí eruku pupa á bò ó dé ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn tó mọ dáàmù sórí odò Àṣàmú ti gba alukoro, ìyẹn ti tán. Isaac Àpọ́nlé, alukoro náà, ẹni tí kì í bọ́ kóòtù nínú ooru, ló ń se ìròyìn. Mọ́nsúrù kàn ń bù ú fún aráyé ni.

Nínú òjò ọdún 1986, ògiri dáàmù là. Àwọn ará Abúlé Ìyápọ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò sá gun òkè, ìyá Mọ́nsúrù sì wà nínú wọn. Isaac gbé ìwé kan àti kásẹ́ẹ̀tì wá.

“Bùọ̀dá mi, ẹ bá wa kà á sínú rẹ̀. Ohùn yín nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́.”

“Ṣé wọ́n ti tún ògiri náà ṣe? Ó yẹ kí n lọ wò ó.”

“Ẹ̀yin ọ̀gá lẹ fẹ́ lọ ta ẹrẹ̀ sára? Àwọn ẹnjiníà wà níbẹ̀.”

Mọ́nsúrù kà á pé kò séwu, kí wọ́n padà sílé. Wọ́n sì ń lo kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn gbogbo ìròyìn, títí àwọn ọmọdé fi mọ̀ ọ́n lórí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, Ràmọ́nì tó ń wa ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ ní dáàmù fà á sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.

“Àwọn ẹnjiníà ti kó ẹrù wọn lọ láàárọ̀. Ẹrẹ̀ ń tú jáde lára ògiri.”

“Ìyá mi ṣì wà lórí òkè, àbí?”

“Wọ́n ti padà sílé. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ní kí àwọn padà.”

Òjò ti ṣú. Mọ́nsúrù sáré bá Isaac pé kó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà.

“Ká wá sọ pé ta ló parọ́?” ni Isaac wí, ó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. “Ṣé ohùn mi ló wà níbẹ̀ ni?”

Mọ́nsúrù gun alùpùpù. Nígbà tó dé abúlé, omi pupa ti bo àpáta tí àwọn obìnrin ń fọṣọ lé. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

“Ìyá mi, ẹ dìde. Dáàmù fẹ́ ya.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ kọ́. A gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, ohùn rẹ balẹ̀. Èyí tó o gbé wá yìí ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tó jí ewúrẹ́.”

“Bóyá wọ́n ti lé e níṣẹ́,” ni Sàrátù, aládùúgbò wọn, sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mọ́nsúrù wo odò. Ó gun orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wúkọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ìwé, ó sì mú ohùn rédíò jáde: “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni pé dáàmù Àṣàmú ti fẹ́ ya. Kí gbogbo ará Abúlé Ìyápọ̀ gun òkè.”

Ẹ̀rín dá. Ìyá rẹ̀ ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo wọn ti ń gun òkè nínú òjò, Sàrátù sì gbé rédíò lérí ẹrù, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi rédíò sílẹ̀ fún omi.

Orí òkè ni wọ́n wà nígbà tí ìròyìn parí, tí ohùn kan tó tutù bí omi àmù sì sọ̀rọ̀ láti orí ẹrù Sàrátù: “Ògiri dáàmù le bí àpáta. Kò séwu. Kí oníkálukú padà sílé.”

Wọ́n wo rédíò, wọ́n wo Mọ́nsúrù.

“Mọ́nsúrù,” ni ìyá rẹ̀ wí, “èwo nínú yín ni ká gbọ́?”

Ìyá rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó kọjú sísàlẹ̀. Mọ́nsúrù di etí ìró rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ó ti máa ń dì í mú lọ́nà ọjà nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, nǹkan kan dún bí ìgbà tí igi ìrókò bá ń wó. Ohùn inú rédíò ṣì ń tún un sọ pé kò séwu.