Bí A Ṣe Wá Ọkọ fún Ọ̀pẹ Dàbínù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbé àpótí yín wá síbi tí òjìji imọ̀ dé. Ẹni tó pọn ọmọ, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó gbé nǹkan kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ náà, nítorí tí ẹ̀rín bá gbé wa, kò sẹ́ni tó máa rántí ìkòkò. Èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́ gan-an, ẹ̀rín ti ń pa mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Ìyá Gàníyù. Sakété ni wọ́n bí mi sí, Lomé ni mo dàgbà sí. Ní àdúgbò Bè tí mo kọ́kọ́ gbé, ilé fún mọ́ ilé débi pé kò síbi tí ènìyàn á gbin ata kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ mi Gàníyù wá kọ́ ilé sí Zanguéra lẹ́yìn ìlú, ó ní, "Màámi, ẹ máa bọ̀, àgbàlá ńlá wà níbẹ̀." Ó ṣe àṣìṣe ni. Àgbàlá ló pè mí sí, mo sì gba àgbàlá náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ẹlòmíràn ń kó aṣọ jọ, ẹlòmíràn ń kó abọ́ jọ. Èmi, ọ̀pẹ ni mo ń kó jọ. Mo ní ọ̀pẹ ẹlẹ́pọ. Mo ní àgbọn gíga, mo ní àgbọn kúkúrú tí ọmọdé lè dúró nílẹ̀ ká. Mo gbin ògùrọ̀ síbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Mo ní àgbọn olódù tí imọ̀ rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, mo tún ní àwọn mìíràn tí wọ́n máa ń gbìn síwájú òtẹ́ẹ̀lì, tí n kò mọ orúkọ wọn, tí àwọn náà ò sì mọ orúkọ mi. Bí mo bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, ilẹ̀ lojú mi ń wò. Kóró ọ̀pẹ tó bá já bọ́ tẹ́nikẹ́ni ò bójú wò ó, tèmi ni. Mo máa so ó mọ́ etí ìborùn mi. Tí mo bá délé, màá rẹ ẹ́ sínú omi, màá bò ó mọ́ yanrìn nínú agolo, màá wá jókòó tì í, màá kọrin:

*Kóró, jí o, ilẹ̀ ti mọ́,*
*Kóró, jí o, omi ti dé,*
*Ìwọ tó ń sùn lábẹ́ yanrìn,*
*Yọrí síta wá kí mi o!*

Wọ́n sì máa ń jí. Ìyá Ọlọ́pẹ ni àdúgbò ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ló wà tí mo fẹ́ràn jù, ọ̀pẹ dàbínù. Aládùúgbò wa kan ló ti Mẹ́kà dé nínú oṣù ààwẹ̀, ó fún mi ní dàbínù mẹ́ta pé kí n fi ṣínu. Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbin kóró ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdún kẹtàlá rèé. Ó ga, ó rẹwà, ẹ̀gún rẹ̀ mú bí ẹnu orogún. Ṣùgbọ́n kì í so. Ọdún mẹ́fà gbáko, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á tanná, á yọ àwọn nǹkan róbótó róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á dúdú, wọ́n á rẹ̀ dànù.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni Gàníyù wá bá mi lábẹ́ igi náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Ìdùnnú ìyàwó mi ò níbi tó ti ń ránṣọ. Orí ibùsùn ló ń rán an sí. Lánàá, abẹ́rẹ́ gún mi níbi tí n kò lè fi han dókítà."

"Kí ló kàn mí nínú ibi tí abẹ́rẹ́ gún ọ?"

"Mo fẹ́ kọ́ yàrá ìránṣọ fún ìyàwó mi. Ibi tí ilẹ̀ kù sí ni ibi tí ọ̀pẹ yìí wà. Àwọn yòókù ń so, Màámi. Èyí kàn ń jẹ ilẹ̀ lásán ni."

"Ó ń tanná!"

"A kì í jẹ òdòdó, Màámi."

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Ìdùnnú kì í ṣe ìyàwó tí mo lè fi yàrá dù. A wá ṣe àdéhùn. Oṣù kẹjọ tí òjò bá dá ni Fabrice tó ń mọlé máa dé. Bí igi náà bá so ohun tí ẹnu lè jẹ kó tó dìgbà náà, ó dúró. Bí kò bá so, àáké.

Mo mọ ọ̀pẹ, ẹ gbọ́! Inú oko ọ̀pẹ ní Sakété ni wọ́n ti pọ̀n mí. Igi ọ̀pẹ ẹlẹ́pọ kan ṣoṣo á yọ òdòdó akọ lónìí, á yọ ti abo lọ́jọ́ mìíràn, á sì so láìyá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, oúnjẹ ni mo rò pé dàbínù mi ń wá. Mo fún un ní eérú. Mo bu iyọ̀ sí i nídìí bí a ti ń bù ú sídìí àgbọn. Mo da omi ẹja sí i títí tí gbogbo ológbò Zanguéra fi sọ ibẹ̀ di ilé ìpàdé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ò ràn án, mo fi orin bú u:

*Arẹwà tó ń ṣe fújà,*
*Ó so ìlẹ̀kẹ̀, kò sọmọ,*
*Wọ́n ń pọ́n àáké lẹ́yìnkùlé,*
*Ìwọ ṣì ń jó níwájú ilé!*

Ìdùnnú gbọ́ orin náà láti ojú fèrèsé. Ẹ wo ọmọ rere: òun tó fẹ́ gba yàrá ló wá bá mi.

"Màámi, mo lọ gbé aṣọ fún Viviane ní àdúgbò Aflao-Gakli. Irú igi yín yìí wà nílé bàbá rẹ̀. Ẹ ò ṣe lọ bi wọ́n léèrè?"

Mo mọ ilé náà dáadáa.

Mọ̀sié Barthélemy ni bàbá Viviane, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pẹ tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, ó sì fi pákó kékeré kọ orúkọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá wọn sọ ọmọ Viviane lórúkọ. Mo rí ọ̀pẹ kan níbẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ pupa fòò. Ojú mi ò gbà á, mo ṣa kóró mẹ́rin, mo so wọ́n mọ́ etí ìborùn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo kúnlẹ̀ dágbére fún bàbá bí ìyá mi ti kọ́ mi. Bí mo ti kúnlẹ̀ báyìí, ìborùn tú. Kóró mẹ́rin yí gbirigbiri lọ síbi bàtà Mọ̀sié Barthélemy.

Ó wo kóró, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń yé ẹyin ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n kò ya ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àáké kì í gbọ́ ìtìjú. Mo ká òdòdó kan lára igi mi, mo gun ọ̀kadà tí a ń pè ní zémìjàn, ó di Aflao-Gakli.

"Bọ́njúù, Mọ̀sié Barthélemy."

"Bọ́njúù, Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé kí n ka kóró mi báyìí, àbí nígbà tí ẹ bá ń lọ?"

"Ẹ kà á nígbà méjèèjì," mo ní. "Ojú ti tì mí tán, kò ku èyí tó tún máa tì mí."

Ẹ̀rín pa á, ó gbé àga fún mi. Nígbà tó rí òdòdó tí mo mú dání, kò jẹ́ kí n jókòó mọ́. Ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé. Igi dàbínù tirẹ̀ dúró níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ jáde, ó funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Ó fi ọ̀pá gbá a pẹ́rẹ́, nǹkan bí àtíkè sì dà sí wa lórí.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tanná," ó ní, "kò so rí. Ẹ mọ ìdí rẹ̀?"

"Ó yàgàn bíi tèmi ni."

"Akọ ni! Akọ wo ló ń bímọ? Tiyín tí ẹ mú wá yìí, abo ni. Dàbínù ò dà bí ọ̀pẹ ẹlẹ́pọ. Akọ dá dúró, abo dá dúró. Igi yín ò yàgàn, Ìyá. Kò lọ́kọ ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ! Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi, mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí mi.

"Ó dáa, ẹ gé òdòdó náà fún mi kí n máa gbé e lọ."

"Rárá o!" Mọ̀sié Barthélemy na ìka sókè. "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ìyá ìyàwó ló ń wá gbé ọkọ? Ẹ máa lọ sílé. Àwa ẹbí ọkọ máa wá tọrọ ìyàwó lọ́la. Kí ẹ ṣáà se oúnjẹ."

Lóòótọ́, ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé. Viviane ru àwo, òdòdó akọ sùn sínú aṣọ funfun lórí rẹ̀, ọsàn àti ìgò oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹbí ọkọ ni. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá."

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìdána, n kò rí òdòdó níbẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́.

"Iṣẹ́ wo ni ọkọ ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ojú kan náà ló dúró sí láti ọdún pípẹ́."

"Ṣé ó ń mutí?"

"Omi nìkan."

"Kì í rìnrìn òru?"

"Ìyá, ẹsẹ̀ dà?"

Mo ṣílẹ̀kùn. Ta ló máa rí irú àna bẹ́ẹ̀ kó kọ̀ ọ́?

Àkàsọ̀ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún Mọ̀sié Barthélemy kì í jẹ́ kó gun nǹkan. Gàníyù ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, gbogbo wa sì yíjú sí i.

"Èmi? Èmi tí mo fẹ́ gé e?"

"Ìwọ náà. Gùn ún," mo ní.

Ó gùn ún. Ẹ̀gún kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, ó ké. Ìdùnnú dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Níbo ló gún ọ, ọkọ mi? Ṣé èyí ṣeé fi han dókítà?"

Mọ̀sié Barthélemy di tíṣà padà: "Ya ẹ̀ka akọ mẹ́ta. Dorí wọn kodò. Gbọ̀n wọ́n sórí abo. Tì wọ́n bọ àárín rẹ̀. Fi okùn dì í, ṣùgbọ́n má fún un jù, ọmọ mi." Òdòdó mẹ́ta ló ti là lórí igi, Gàníyù ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó fi máa sọ̀, ó funfun bí ẹni tó ṣubú sínú àpò fùláwà. Mo ti bẹ́ sójú agbo:

*Ìyàwó ọ̀pẹ, ṣílẹ̀kùn,*
*Ọkọ ti Gakli dé o,*
*Kò fẹsẹ̀ rìn, kò gun ẹṣin,*
*Inú aṣọ funfun ló sùn dé o!*

Ó wá ku ìdúródè. Ìlẹ̀kẹ̀ yọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa dúdú, wọn ò dúdú. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ń tóbi sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Gàníyù lábẹ́ igi, ó gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń kà?"

"Mo ń wo ògiri ni, Màámi."

"Ògiri wà lẹ́yìn rẹ."

Ní oṣù kẹrin, ìjì já ìdì kan bọ́. Gàníyù ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fẹnu kan ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àdán bẹ̀rẹ̀ sí í fò yí ìdì méjì tó kù ká, ó tú àwọ̀n ẹ̀fọn orí ibùsùn rẹ̀, ó lọ fi bo wọ́n lórí.

"Ẹ̀fọn máa jẹ wá pa!" Ìdùnnú pariwo.

"Wọn ò lè jẹ wá tán," ni Gàníyù dáhùn.

Òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tán nígbà tí dàbínù pọ́n, ó pọ́n rẹ̀súrẹ̀sú bí ìyeyè. Ọjọ́ náà gan-an ni Fabrice wá wọnlẹ̀. Ó ta okùn, ó ki èèkàn bọ ìdí ọ̀pẹ. Gàníyù fa èèkàn náà tu.

"Sún un síwájú."

"Ṣé kí n sún un bọ kànga ni?" Fabrice bi í. "Kànga rèé lọ́tùn-ún, ilé ìwẹ̀ rèé lósì."

Mo wo Ìdùnnú. Àdéhùn ń gbè mí, ṣùgbọ́n ó ti lé lóṣù mẹ́fà tí ìyàwó mi ti ń retí yàrá rẹ̀.

"Bu igun kan kúrò lára yàrá náà," ni Gàníyù sọ níkẹyìn. "Kí ògiri yà fún igi."

"Ogún ọdún tí mo ti ń mọlé, n kò mọ yàrá tí eku jẹ nígun rí!"

Ìdùnnú lọ dúró láàárín okùn náà, ó na apá méjèèjì, ó yí po. "Ó gba èmi àti maṣíìnì mi," ó ní. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí fèrèsé kọjú sí igi náà, kí n lè máa ṣọ́ àdán."

Gàníyù gun àkàsọ̀, ó gé ìdì méjèèjì sọ̀. Mo ṣe bisimilááì, mo jẹ ọ̀kan. Ó ń ró kọ̀m̀kọ̀m̀ lẹ́nu bí ìrèké, adùn rẹ̀ síwájú, ó wá fún ahọ́n díẹ̀ lẹ́yìn. Fabrice náà jẹ ọ̀kan, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ó dùn, ó mú mẹ́fà sí i láti fi wádìí.

A ránṣẹ́ sí Aflao-Gakli. Mọ̀sié Barthélemy jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì.

"Ọmọ wa ni," ó ní. "Bàbá ló sì lọ́mọ. Ìdì kan tèmi."

"Ta ló fún un lọ́mú?" mo bi í. "Ta ló da omi ẹja sí i?"

"Ìyẹn lẹ fẹ́ fi yangàn? Òórùn rẹ̀ dé Gakli!"

Mo fún un ní ìdì kan, èyí tó tóbi. Ìdùnnú gbé àblò jáde, búrẹ́dì ìrẹsì tí a fi ooru omi sè, ẹja díndín tẹ̀ lé e, àti ìkòkò wáatsì, ìrẹsì òun ẹ̀wà, tí ọwọ́ méjì ò ká. A jẹun, a jẹ dàbínù lé e, Viviane dárin, mo gbè é, Fabrice fi ọ̀pá ìwọnlẹ̀ rẹ̀ lu àpò sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Fabrice kó dàbínù kún fìlà rẹ̀, ó fi orí lásán lọ. Viviane di àblò dání fún ọmọ. Mọ̀sié Barthélemy gun zémìjàn, ó gbé ìdì tirẹ̀ sáyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ní kí ọlọ́kadà rọra sáré. Gàníyù lọ tún àwọ̀n ẹ̀fọn so sórí ibùsùn. Kò sẹ́ni tó bínú lọ, kò sẹ́ni tó febi lọ. Ẹni tó yó gbé ara rẹ̀ lọ sílé, ẹni tó yó jù dúró díẹ̀ kó tó lè dìde.