Ayálégbé Kọ́ Nìyí

Ẹ̀fọ́rí túúlu, èyí tó máa ń fọ́ni lápá kan, ti pẹ́ lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Àbẹ̀ḿbí, débi pé a fún un lórúkọ: Ayálégbé. Tó bá ti dé, wọn á ní, "Mutmainah, Ayálégbé ti ń kanlẹ̀kùn o." Èmi á ta kọ́tìnnì, èmi á rẹ aṣọ sómi tútù. Ilé wọn ní Agbowó ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé àti aṣọ rírán, mo sì mọ ìwà Ayálégbé bí ẹní mowó: iná wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ máa tàn lójú wọn, iwájú orí á máa lù wọ́n, wọn á bì, wọn á sùn. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá lọ fọ irun ní Bódìjà. Wọ́n da orí sẹ́yìn sórí báṣìnnì, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀fọ́rí dé.

Ọkọ wọn, Bàbá Ayẹni, rẹ́rìn-ín. "Ayálégbé rẹ tún ti dé. Onílé, dìde kí o ṣílẹ̀kùn!" Bàbá yìí náà ni, tí àlejò bá bèèrè mi, wọn á ní, "Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ni."

Bàbá pe Rasheed, onígbàjámọ̀ òdìkejì títì, tó máa ń yí ọrùn oníbàárà títí egungun á fi dún.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ara á fúyẹ́."

Ó ti nawọ́. Èmi rèé, tí mi ò lè kí àlejò kí ohùn mi má gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo Màmá láti àárọ̀. Wọn ò bì. Wọn ò ní kí n ta kọ́tìnnì. Ẹ̀yìn etí ọ̀tún dé ọrùn ni wọ́n dì mú, ìpéǹpéjú ọ̀tún sì ti wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tòògbé.

Mo bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn wọn."

"Ìgbà wo lo di dókítà?" Bàbá ti dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Ayálégbé kọ́ nìyí. Iwájú ilé ni Ayálégbé máa ń gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni eléyìí gbà. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé, olè ni."

Rasheed ló kọ́kọ́ sọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ tọmọ yìí," ni Màmá wí. "Òun ló ń tọ́jú mi."

Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wa lọ sí ọsibítù. Mo fọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú lójú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò ọrùn, dókítà obìnrin kan ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sọ́pọlọ ló ya nínú, bóyá níbi tí wọ́n ti da orí sẹ́yìn pẹ́ lórí báṣìnnì. "Ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, kó lọ dí ọpọlọ, kápá kan ara rọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àwọn tó ní túúlu ju àwọn mìíràn lọ. A ò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Èyí tó burú ni pé tó bá dé, gbogbo ayé á ní túúlu ọjọ́sí náà ni. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí wọ́n yí ọrùn yìí. Ta ló mọ̀ pé ó yàtọ̀?"

Bàbá Ayẹni na ìka sí mi. "Ọmọ mi ni."

Oṣù mẹ́fà ni Màmá fi lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ojú wọn ti là, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ti ń dún. Ayálégbé ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n tó bá ti kanlẹ̀kùn báyìí, Bàbá kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn á máa wo ẹnu mi.

"Òun ni, àbí òun kọ́?"

Màá wo Màmá dáadáa kí n tó dáhùn. Ohùn mi kì í gbọ̀n.