Kọ́nà Kẹjọ

Èmi ni mo ń tún alùpùpù àbúrò mi ṣe. Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Mitsuru, àbúrò mi, kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dọ̀tí, eré nìkan ló fẹ́ràn. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, alùpùpù pupa kékeré kan ló fi ń pín lẹ́tà kiri àwọn abúlé wa ní Oita. Ó máa ń rọra lọ débi pé àwọn ìyá àgbà á dá a dúró kó wá mu tíì. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, a ó gbé alùpùpù dúdú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mi, a ó gun òkè lọ sí pápá eré-ìje, níbi tí kò ti sí ìyá àgbà kankan tó lè dá a dúró.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àwa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń dúró sí, nítorí kọ́nà kẹjọ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó dojú kọ wá. Hamasuna, onígbàjámọ̀ kan láti Miyazaki, ló wà níwájú Mitsuru. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú. Mitsuru wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ríbi yà sí, ó gun ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà kọjá. Egungun ẹsẹ̀ náà kán lójú méjì.

Kò sẹ́ni tó dá Mitsuru lẹ́bi. Àwọn alábòójútó wo fọ́tò, wọ́n ní bí eré ṣe rí nìyẹn. Mitsuru lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n ní aláìsàn kò fẹ́ rí àlejò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ igbe ọkùnrin náà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìrìn. Ó gbé èso mẹ́lọ́nì tó mú lọ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sì padà sílé. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé lẹ́tà ẹgbẹ̀rún èèyàn kiri kò rí ẹyọ kan kọ.

Nígbà tí a débẹ̀ lọ́dún yìí, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, koríko òkè ti funfun lórí, afẹ́fẹ́ sì tutù. Mo rí orúkọ Hamasuna lára pátákó àwọn olùdíje, mi ò sọ fún Mitsuru. Kò pẹ́ tó fi rí i fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ń tiro bọ̀ láàárín àwọn àgọ́, ó gbé akoto sábẹ́ apá, ìyàwó rẹ̀ gbé àga tẹ̀lé e. Mitsuru tẹrí ba fún un. Òun náà tẹrí ba, ó kọjá lọ.

Nínú ìdánrawò àárọ̀ yẹn, aago tí mo fi ń ka àkókò eré ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Mo pín ọ̀nà pápá náà sí mẹ́ta. Nínú apá kìíní àti ìkẹta, Mitsuru yára ju ti ọdún tó kọjá lọ. Nínú apá kejì, níbi tí kọ́nà kẹjọ wà, ó ń pàdánù ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tó bọ́ sẹ́yìn Hamasuna, ó di odindi kan. Mo gbójú sókè wò ó. Ó ń dẹwọ́ eré kó tó dé kọ́nà náà, bí ẹni tó rí adìyẹ lójú títì.

Mo bi í léèrè. Ó ní bíréèkì iwájú ni kò mú dáadáa. Mo tú bíréèkì náà, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà, kò sí ohun tó ṣe é. Àbúrò mi kì í sábà parọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ ọ́n pa. Nígbà tí wọ́n fi àkókò pín ipò tí kálukú máa ti bẹ̀rẹ̀, ipò kẹsàn-án ló bọ́ sí. Hamasuna wà ní ipò keje.

Lọ́sàn-án, a jókòó nínú àgọ́, a ń jẹ ìrẹsì tí mo fi ewé òkun wé láti ilé. Hamasuna yọjú sí wa. Ó kí mi kú iṣẹ́, mo gbé àga fún un, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú, nítorí kì í ká tán.

“Akólẹ́tà,” ó ní, “mo rí i tí ẹ ń tú bíréèkì, ṣé ó ti dáa?”

Mitsuru ní ó ti dáa, kí ó má ṣèyọnu.

“Kò fìgbà kan bàjẹ́. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ lẹ́yìn mi. Tá a bá ti dé kọ́nà kẹjọ báyìí, á dákẹ́. Ò ń yà fún mi.”

Mitsuru gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ó ní ó ti yẹ kí òun wá tọrọ àforíjì tipẹ́, pé òun dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òun ni kò gbà láti wọlé.

“Dìde, ilẹ̀ tutù,” Hamasuna ní. “Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó o wọlé. Ojú ló ń tì mí. Táyà mi ò tíì gbóná tó láti di ilẹ̀ mú lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀, síbẹ̀ mo fi kún eré torí mo gbọ́ ìró rẹ lẹ́yìn. Èmi ni mo gbé ara mi sábẹ́ táyà rẹ. Mo wá jẹ́ kó o máa ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà kiri fún odindi ọdún kan.”

Mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Mo mú sípánà kan, mo ń nù ún.

Mitsuru bi í bóyá ẹsẹ̀ náà ṣì ń dùn ún.

“Tí òjò bá ti ṣú. Kò sì fẹ́ gbé gíá. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ìrìn, akólẹ́tà. Tó bá jẹ́ pé torí kí wọ́n lè máa yà fún mi ni, ǹ bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́la, tó o bá rí àyè lára mi, gbà á.”

“Tí mi ò bá wá rí àyè ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?” Mitsuru bi í.

“Á jẹ́ pé mo ṣì jù ọ́ lọ nìyẹn.”

Mitsuru rẹ́rìn-ín. Mo fún Hamasuna ní ìdì ìrẹsì méjì, ó jẹ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àìkú, kùrukùru bo òkè náà títí oòrùn fi ga. Gbogbo wa jókòó, a ń mu tíì, aṣọ tí ń mú táyà gbóná wà lára àwọn táyà wa. Nígbà tí ojú ọ̀run là, wọ́n ní eré ti di ìyípo mẹ́jọ dípò méjìlá. Mitsuru wọ akoto rẹ̀. Mo fọwọ́ lù ú léjìká, bí Bàbá wa ṣe máa ń ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n parí ìyípo kẹta, àwọn mẹ́ta kan ti lọ jìnnà níwájú, Hamasuna ló tẹ̀ lé wọn, Mitsuru sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń bá eré bọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí aago mi, apá kejì ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo gbọ́ bí Hamasuna ṣe pẹ́ kó tó gbé gíá. Ẹsẹ̀ náà ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ní ìyípo kẹfà, mo gbójú sókè sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwọn méjèèjì dé kọ́nà kẹjọ pọ̀. Àyè kékeré kan ṣí sílẹ̀ nínú, kò ju ìbú àga lọ. Mo retí kí alùpùpù dúdú náà fà sẹ́yìn. Kò fà sẹ́yìn. Ó wọ inú àyè náà, apá wọn fi ara kan ara, alùpùpù Hamasuna mì díẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin. Mitsuru ló kọ́kọ́ jáde ní kọ́nà náà. Ìka mi wà lórí aago, mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ó parí sí ipò kẹrin, Hamasuna sí ipò kẹfà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba ife. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń kó alùpùpù jọ sí, Hamasuna ṣì jókòó lórí tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti le gbagidi. Mitsuru ti èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, ìyàwó Hamasuna di alùpùpù náà mú, wọ́n rọra gbé e sọ̀kalẹ̀.

“Nígbà tó o kọjá lára mi, mo bú ọ nínú akoto,” Hamasuna ní.

“Kí lẹ wí?”

“Ìyàwó mi wà níbí.”

Ìyàwó rẹ̀ ní kó má ṣe wàhálà, pé nígbà tó wà ní ọsibítù òun ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Mitsuru ń sọ̀rọ̀ lọ, ohun tí kì í ṣe. Ó ní ọwọ́ òun ìbá tó ẹni tó gba ipò kẹta, ṣùgbọ́n gíá gùn jù, alùpùpù kò tètè ta síwájú nígbà tí òun ń jáde ní kọ́nà kẹjọ. Mo ní màá pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀ lẹ́yìn, kí ó kan sọ fún mi bóyá ó fẹ́ eyín kan sí i tàbí méjì. Nígbà tí mo máa fi yíjú wò ó, ó ti sùn, ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé.