Ta Ló Ni Ilé Tuntun?

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni mò ń kọ́ nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Àwọn kan ń jókòó sórí àga, àwọn kan sórí búlọ́ọ̀kù, àwọn kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tó kù á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń retí ọkọ̀ Ìbàdàn. Bí mo bá pariwo pé kí wọ́n dákẹ́, èmi fúnra mi kì í gbọ́ ohùn mi. Ó ti sú mi, kí n má purọ́.

Torí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà pe ìpàdé, tí wọ́n ní kí ilé tuntun kọ̀ọ̀kan san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ká fi kọ́ kíláàsì méjì kún tiwa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé bí kíláàsì náà ò bá dúró kí oṣù kẹsàn-án tó dé, mi ò ní ibi tí mo máa fi ọmọ tuntun kankan sí.

Bàbá Fátókun, alága wa, tó ti ń gbé àdúgbò náà láti ọdún mẹ́rìnlá, ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ló kó ọmọ wá kún ilé-ìwé, kí wọ́n sanwó rẹ̀.

Morádéyọ̀, obìnrin aláṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ilé rẹ̀, kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Mo ti sanwó fáńdéṣọ̀n, mo ti sanwó róòfù fáwọn ọmọ onílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mélòó lọmọọmọ tiyín tó wà níbẹ̀?"

"Ìyẹn kọ́ là ń sọ," ni Bàbá Fátókun wí. Bí alága bá ti ní ìyẹn kọ́ là ń sọ, ẹ mọ̀ pé ìyẹn gan-an là ń sọ.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ilé tó yẹ ká pè ní tuntun. Àwọn kan ní ọdún méjì, àwọn kan ní ọdún márùn-ún. Ẹnì kan ní ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn tí a ra tiransifọ́mà. Wákàtí méjì gbáko! Àáfà Habeeb ló wá gbà wá sílẹ̀. "Ṣebí gbogbo wa la mọ ilé tuntun," ló wí. "Ilé tí wọn ò tíì ṣí, tí wọn ò tíì pe àáfà tàbí pásítọ̀ wá ṣàdúrà sí, tuntun ni." Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ni kálukú tó rántí ilé tirẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí páànù bá ti bo yàrá kan, a ti kó wọ ọ́. A ó rẹ́ ẹ bó bá yá, a ó kùn ún bó bá yá, ìṣílé dọjọ́ tí owó bá gbà wá láyè. Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ládùúgbò wa, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ti ṣí. Ti alága ò sí nínú wọn. Tèmi náà ò sí nínú wọn.

Inú mi dùn! Ilé mẹ́rìnléláàádọ́ta ló máa sanwó. Mi ò mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ni mò ń bá lò.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni ìṣílé bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fátókun ló ṣáájú. Pásítọ̀ ta òróró sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pa àgbò méjì, wọ́n gbé ìrẹsì fún mi nínú kúlà. Mo ní, "Bàbá, owó tẹ́ ẹ ná yìí mà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lọ o."

"Tíṣà, ayọ̀ lèyí. Ṣé wọ́n ń ka owó ayọ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí i, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ilé mẹ́ta lóòjọ́ ni Àáfà Habeeb ń ṣàdúrà sí nígbà mìíràn, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó mú òfin yẹn wá. Inú ń bí mi, mo sì ń jẹ ìrẹsì wọn, torí ìbínú ò ní kí ebi má pa èèyàn.

Lọ́jọ́ kan mo darí dé, mo bá àgbò lẹ́yìn ilé wa. Mùrí ọkọ mi ń fún un ní ewé jẹ.

"Kí lèyí?"

"Ìyá Abdulqowiyy, ká ṣílé wa ní Sátidé. Gbogbo ayé ti ṣí tiwọn. Ṣé àwa nìkan la fẹ́ dà bí àlejò ni?"

"Ilé tí ò ní síìlìn? Ilé tó jẹ́ kọ́tìnì la fi ṣe ilẹ̀kùn yàrá? Kí lẹ fẹ́ ṣí níbẹ̀?"

"Ojú á tì wá ni mò ń wí."

"Ojú ti ń tì mí tipẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ kíláàsì."

Ó tún fún àgbò náà léwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa àgbò náà lọ sọ́jà Odò-Orí, ó tà á ní ẹ̀dínwó, ó sì kó owó náà lé mi lọ́wọ́ láì wojú mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ, ṣùgbọ́n mi ò wí fún un.

Mo kó o lọ fún akápò ẹgbẹ́, ó wo ìwé rẹ̀. Orúkọ Morádéyọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó wá kọ tèmi sí i. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ẹ wá di onílé tuntun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ rìsíìtì mi.

Owó ilé méjì ò kọ́ kíláàsì. Bẹ́ǹṣì márùn-ún ló rà, wọ́n sì ti kún kí aago méje ààbọ̀ tó lù lọ́jọ́ tí a wọlé lóṣù kẹsàn-án. Aago mẹ́jọ ni Bàbá Fátókun dé. Ó fa ọmọọmọ rẹ̀, Olúwabùnmi, lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń dán.

"Tíṣà wa, ẹ bá mi gba ọmọ yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ wá."

"Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ wọlé."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kò rí ibi tí yóò gbé èkejì sí. Ooru yàrá náà lù ú lójú. Ó wo àwọn ọmọ láti ògiri dé ògiri, ó sì ń nu òógùn ojú.

Olúwabùnmi fa aṣọ rẹ̀. "Bàbá Àgbà, ibo ni kí n jókòó sí?"

Bàbá Fátókun yíjú sí mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọjú sí bọ́ọ̀dù. Èmi kọ́ lọmọ náà bi léèrè.