Àmì Orí Orúkọ Ìlú Wa

Ẹ wo bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní kí arúgbó jókòó lé. Irin ni, ó tutù, ó tún dagun. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe sójà, ọta ìbọn ṣì wà nítan mi ọ̀tún títí dòní, àga tí wọ́n wá rí fún mi lọ́fíìsì àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Mo ń kùn. Àbúrò mi obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ máa bá jà."

Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ àga ló ń bí mi nínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ti ń bà mí báyìí, àfi kí n máa jágbe mọ́ nǹkan.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ ìlú kan lọ. Nínú fáìlì gbogbo sójà, wọ́n máa ń kọ ibi tí ilé rẹ̀ wà sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe é lójú ogun. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé òkú rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó bá kú. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọkàn mi, kò sì fi bò fún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ìlú tó wà nínú fáìlì mi kì í sì í ṣe ìlú ìyá mi.

Ìlú méjì ló wà tí lẹ́tà orúkọ wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn ló yà wọ́n. Tiwa, dò-dò-mí. Tiwọn, re-mí-dò. Tiwọn ni rélùwéè gbà kọjá, ibẹ̀ ni iná wà, ibẹ̀ ni ilé alájà wà. Ní tiwa, awọ là ń ṣe. Awọ màlúù, awọ ewúrẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú kòtò títí irun rẹ̀ á fi rọ̀, a ó ha á, a ó sá a. Òórùn ibẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí, ẹ ṣáà máa dúpẹ́. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun orí, ó ń wọ búrẹ́dì tí èèyàn fẹ́ jẹ. Irun awọ ni ìyá mi máa ń ha. Omi kòtò ti bó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ọṣẹ tó ran òórùn ọwọ́ náà.

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa bí ìlú rélùwéè ṣe dénú fáìlì mi, wọ́n á ní akọ̀wé ológun kan ni kò fàmì sórí orúkọ ìlú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ti ogun dé pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, tí wọ́n ní ibà ti pa ìyá mi láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ti sọnù fún oṣù mọ́kànlá nígbà náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan ni mo wà, mi ò mọ ara mi. Àwọn ológun kọ lẹ́tà sílé pé wọ́n ti rí mi, pé mo wà láàyè. Ìlú rélùwéè ni lẹ́tà náà lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀, ni wọ́n bá dá a padà.

Títí ìyá mi fi kú, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fa àbúrò mi lọ́wọ́ lọ sí géètì báráàkì láti béèrè mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbúrò mi nígbà náà. Ìlú-ìlú ni wọ́n to orúkọ àwa sójà sínú ìwé. Ẹni tó wà ní géètì á ṣí ìwé rẹ̀ wò, á ní, "Màmá, ìlú yín ò ní sójà kankan níbí." Ìyá mi á ní, "Ó ní ọ̀kan." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọwọ́ bo imú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi àti àbúrò mi á tún padà lọ.

Ohun tí àbúrò mi gbé dàgbà nìyẹn. Ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé nílùú wa níbi tó ṣì ń gbé, kò sì sí ohun tó gbé lérí tó àmì ohùn. Ọmọ tí kò bá fàmì sórí ọ̀rọ̀, á lọ dúró kọjú sí ògiri. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i láyé ijọ́un, ṣe ló fi bírò pupa tún un ṣe, tó dá a padà fún un, tó sì fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, títí dọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, tó dìde láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, tó ní, "Àmì kékeré kan ni wọn ò fi sórí ọ̀rọ̀, ìyá mi sì fi kú láìmọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí èmi tí wọ́n ń sọ dìde kí àwọn rí mi. Mo dìde. Ojú gbà mí tì débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó padà.

Nítorí irọ́ ni. Akọ̀wé kankan ò ṣàṣìṣe.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ ológun. A tò sórí ìlà, a tó ọgọ́rin. Sájẹ́ǹtì tó ń gba orúkọ béèrè ìlú mi, mo dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́. Ó wá lọgun pé, "Èwo nínú méjèèjì? Ti rélùwéè àbí ti àwọn olóòórùn?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi dúró lẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ó ti ibi awọ wá tààrà láìpààrọ̀ aṣọ, ó ń juwọ́ sí mi. Mo ní, "Ti rélùwéè ni, sà." Mi ò wo ọ̀nà ibi tó wà.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò tún un ṣe láti ọdún yìí wá. Wọ́n máa ń béèrè ìdí, ṣé ẹ rí i. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé inú fáìlì ṣe, á kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, á fọwọ́ sí i. Mo wá ń sún un síwájú, mo ń sún un síwájú, títí dókítà fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá pe ọ́fíìsì lórí fóònù, ẹni tó gbé e ní gbogbo ìwé àtijọ́ ti jóná, pé inú kọ̀ǹpútà nìkan ni orúkọ ìlú mi wà, láìsí àmì kankan lórí. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí àbúrò mi bá mi lọ. Òun náà ti ní dandan ni, òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí àṣìṣe náà.

Wọ́n pe nọ́ńbà wa. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì jẹ́ ọmọbìnrin kan tó lọ aṣọ ológun rẹ̀ gbagidi. Ó kí wa dáadáa, ó gbé àga gidi fún wa. Ó ní, "Bàbá, oríire ni tiyín o. Lóòótọ́ ni ti àwọn kan jóná, ṣùgbọ́n mo wá tiyín kàn ní yàrá ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́ gan-an ló wà nínú rẹ̀ yìí."

Mo ní, "Ta ló rán ẹ?"

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Mo ní ta ló ní kí o lọ wá fáìlì? Ṣé kọ̀ǹpútà ò tó yín mọ́ ni?"

Àbúrò mi fọwọ́ bà mí lápá. "Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi," ló sọ fún akọ̀wé. "Ebi ló ń pa wọ́n. Gbé e wá ká rí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, mo ti ń sá fún un látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Sájẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn kọ́ ló kọ orúkọ ìlú mi. Ó ti fọ́ọ̀mù sí mi níwájú ni, ó ní, "Kọ ọ́ fúnra rẹ, kí o sì fàmì sí i dáadáa, kí wọ́n má baà kà ẹ́ mọ́ àwọn olóòórùn." Mo kọ ọ́. Mo fàmì sí i.

Àbúrò mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó tẹ̀ ba lé ìwé náà. Ìka rẹ̀ ń bá ìlà lọ díẹ̀díẹ̀, ó dé orí orúkọ ìlú, ó dúró.

"Re," ló sọ, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. "Mí. Dò."

Ó tún un kà. Ó wá ní, "Àmì wà níbẹ̀. Ó pé. Ta ló kọ eléyìí?"

Akọ̀wé ní, "Ẹni tó ń wọṣẹ́ ló máa ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, mà. Orúkọ Bàbá ló wà nísàlẹ̀ yẹn, àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí i."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlẹ̀. Òógùn bò mí nínú yàrá tí fáànù mẹ́ta ti ń fẹ́. Ọmọ dáadáa ni akọ̀wé yẹn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń lọ, ó ti ń ti fọ́ọ̀mù tuntun sí mi. "Kò le rárá, sà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ẹ ṣáà kọ 'àṣìṣe akọ̀wé'. Ohun tí gbogbo wọn ń kọ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi náà á ti kú tipẹ́."

Mo mú bírò. Mi ò ní parọ́ fún ẹ̀yin náà: mo ti kọ "àṣì" tán. Àbúrò mi ò wojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò. Bí mo bá kọ ìyókù, kò ní sọ nǹkan kan níwájú ọmọ ọlọ́mọ, a ó dìde, a ó máa lọ sílé, wọ́n á sì sin mí síbi tí mo fẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fagi lé e. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Kò sí àṣìṣe. Iṣẹ́ ìyá mi ló ń tì mí lójú."

Akọ̀wé kà á, ó họrí. "Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí àṣìṣe, kò sí ohun tí a fẹ́ tún ṣe nìyẹn. Ọ̀gá á dá a padà ni." Ó ṣí ìwé òfin kan, ó ń wá ojú ewé. "Àfi bí ẹbí yín kan tó ń gbé ìlú ọ̀hún bá fọwọ́ sí i pé ọmọ ibẹ̀ ni yín, pé àwọn gbà yín."

Ó wo àbúrò mi. Èmi náà wò ó. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọmọdé ló ń ṣe mí? Òun kéré sí mi lọ́jọ́ tó dúró ní géètì.

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó jẹ́ sí mi, ó dúró pẹ́ díẹ̀, ó wá kọ "ọmọ ìyá". Ó kọ orúkọ ìlú wa, ó fàmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ bírò mọ́ ọn débi pé ìwé fẹ́ ya. Ó fọwọ́ sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì jáde láìdúró dè mí.

Mo bá a níta, níbi tí wọ́n ti ń dúró de takisí. Mo ní, "Àbúrò mi." Mo tún pè é. Ó wá yíjú sí mi.

"O jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ yẹn," ló wí. "O jókòó síbẹ̀, ò ń gbọ́ mi. Wọ́n ní kí o dìde, o dìde."

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí ní "o" rí, bó ti wù ká jà tó.

"Ẹ má bínú," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́." "Ẹ" ló bọ́ sí mi lẹ́nu, fún ọmọ tí èmi fúnra mi pọ̀n dàgbà, mi ò sì kó o jẹ.

Kò ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀. Takisí dé, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́yìn.